Góógù dúdú tí mo rà ní Ìwó Road, ṣé ó ń ṣọ́ ojú mi àbí ó ń bà á jẹ́?

Bọ̀dá kan tó ń gun ọ̀kadà n'Íbàdàn ló kọ̀wé sí mi, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó ti tó ọdún 9 tí mo ti ń gun ọ̀kadà, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni mo máa ń wà nínú oòrùn. Ojú mi máa ń pọ́n, ó máa ń ta mí bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, ẹran kékeré kan sì ti ń hù nínú ojú ọ̀tún mi, lápá ibi tí imú wà. Mo ra góógù dúdú kan ní Ìwó Road ní 2,500 náírà, ó dúdú dáadáa, ara sì tù mí nígbà tí mo wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá ní kí n jù ú nù, pé irú ẹ̀ ló ń fọ́ èèyàn lójú. Ṣọ́ọ̀bù awò tí mo dé ń pe tiwọn ní 48,000. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ma, ṣé kí n wá owó yẹn ni àbí kí n máa lo tèmi lọ?"

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn yìí. Ẹ má tíì jù ú nù o, ẹ má sì tíì lọ yáwó nítorí 48,000. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó dúró sí mi lọ́kàn, níbi tẹ́ ẹ ti ní ó dúdú dáadáa, ara sì tù yín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣì í. Kí góógù dúdú lọ́tọ̀, kó dáàbò bo ojú lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì ò tiẹ̀ bára tan rárá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ ojú wò, mi ò lè ka iye èèyàn tó ti jókòó síwájú mi tó ní "Ma, tèmi dúdú gan-an o", bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Inú oòrùn kan náà ni ìmọ́lẹ̀ tá à ń rí àti UV (ultraviolet), ìtànṣán tó lè ba ojú jẹ́, ti ń wá, àmọ́ ojú ò lè rí UV, ara ò sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá ń wọlé. Nánómítà ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: èyí tójú ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 lọ sí 700, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 400 ni UV. UVA wà láàárín 315 sí 400, UVB wà láàárín 280 sí 315, èyí tó tún kéré sí ìyẹn, afẹ́fẹ́ tó ń jẹ́ ozone tó wà lókè lọ́hùn-ún ti gbà á kó tó dọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń kọ UV400 sára góógù, wọ́n ń sọ pé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 400 yẹn, lẹ́ńsì náà ò ní jẹ́ kó kọjá. Dáì tí wọ́n fi sọ lẹ́ńsì di dúdú, ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí ni iṣẹ́ tiẹ̀ wà fún. Èròjà tó ń mú UV, kò ní àwọ̀ kankan, ẹ ò lè fojú rí i. Torí ẹ̀ ni lẹ́ńsì tó mọ́ gaara bí omi òjò ṣe lè dá UV dúró pátápátá, kí èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò sì máa jẹ́ kó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ rèé. Tẹ́ ẹ bá délé lálẹ́, ẹ dúró síwájú díńgí, ẹ wo ihò dúdú kékeré tó wà láàárín ẹyinjú yín, ọmọlójú là ń pè é. Ẹ paná yàrá fúngbà díẹ̀, ẹ wá tàn án lójijì, ẹ ó rí i bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń sún kì lójú yín kòrókòró. Bó ṣe ń ṣe nínú oòrùn náà nìyẹn, ó ń sún kì kí nǹkan tó pọ̀ má bàa wọlé, èèyàn á tún wá dijú pọ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá wá gbé góógù dúdú tí ì í mú UV síbẹ̀, ojú á rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ọmọlójú á fẹ̀, ẹ ò ní dijú pọ̀ mọ́ torí ara ti tù yín, UV á wá rí ọ̀nà gbà. Ó dà bí ẹni tó paná ilé tó tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé kì í ṣe gbogbo góógù olówó pọ́ọ́kú ni ò dáa. Rọ́bà kan wà tí wọ́n ń pè ní polycarbonate, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tó fúyẹ́ tí ì í sì tètè fọ́, rọ́bà yìí fúnra ẹ̀ ló ń mú UV, kò dìgbà tí wọ́n bá kun nǹkan sí i lára. Rọ́bà mìíràn wà, acrylic, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀, tí wọn ò bá po èròjà mọ́ ọn, UVA á máa gba inú ẹ̀ kọjá. Gíláàsì lásán náà ńkọ́? Ó ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú UVB dúró, UVA ní tiẹ̀ ń kọjá. Mo ti ra góógù lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé e kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rí, kì í ṣe pé mo fẹ́ wọ̀ ọ́ o, mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, àwọn kan yege gbayì, àwọn tó tẹ̀ lé wọn nínú páálí kan náà ò yege. Ó tún ṣẹlẹ̀ sí èmi alára, mo ra ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí éàkọ́ńdíṣọ̀n ń fẹ́ yẹ́ẹ́, owó gidi ni mo san, orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni mo wò kí n tó sanwó, mo gbé e dé ọ́fíìsì, mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ, UV ń gba inú ẹ̀ kọjá fàlàlà. Ó dùn mí wọra. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba orúkọ tàbí owó gbọ́ mọ́, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Nínú 48,000 tí wọ́n pè fún yín yẹn, férémù ló máa ń kó èyí tó pọ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ lọ. Èròjà tó ń mú UV kì í ṣe nǹkan olówó ńlá.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ bóyá tiyín ń mú un? Ọ̀nà tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù awò tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn UV, ọ̀pọ̀ ló ní in, ẹ̀rọ kékeré kan báyìí ni, wọ́n á ki lẹ́ńsì bọ àárín ẹ̀, nọ́ńbà á jáde, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má tijú, ẹ kàn sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iye UV tó ń gba inú eléyìí kọjá." Kó má kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kódà ẹ lè ní kí wọ́n ki tiwọn náà sí i kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tọ́jà ẹ̀ bá dáa, inú ẹ̀ máa ń dùn láti fi hàn yín. Ṣọ́ọ̀bù tó ní optometrist, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ojú wò, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ODORBN ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ awò ní Nàìjíríà.

Tí ìyẹn bá jìnnà sí yín, ọgbọ́n kan wà tí mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn, tọ́ọ̀ṣì tí àwọn tó ń gbowó fi ń yẹ náírà wò ni wọ́n á fi ṣe é, èyí tí iná ẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò. Ẹ wọ ibi tó ṣókùnkùn, ẹ tẹ́ 1,000 náírà kan sórí tábìlì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì náà sí i. Ẹ ó rí i pé àwọn ibì kan lára owó yẹn á máa tàn yòò, nọ́ńbà dúdú tó wà lára ẹ̀ á di aláwọ̀ ewé. Ẹ wá gbé lẹ́ńsì góógù sáàárín tọ́ọ̀ṣì àti owó. Ẹ má gba inú lẹ́ńsì wò ó o, ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti wo owó náà tààrà. Tí títàn yẹn bá pòórá, lẹ́ńsì yín ń mú UV. Tó bá ń tàn bó ṣe ń tàn, ẹ̀gbọ́n yín ti borí. Nǹkan kan ni kẹ́ ẹ fiyè sí: ojúlówó tọ́ọ̀ṣì ìyẹwó máa ń wà ní 365 nánómítà, àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ 395, ìyẹn ti sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí jù, lẹ́ńsì tó dáa gan-an lè jẹ́ kí díẹ̀ nínú ẹ̀ kọjá, ẹ má torí ẹ̀ sọ góógù gidi nù. Ẹ má sì tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sójú ara yín tàbí sójú ọmọdé.

Ní ti sítíkà, ẹ fọkàn balẹ̀ kà á, ẹ má kàn gbà á gbọ́. UV400 tàbí "100% UV" ló nítumọ̀. Tí wọ́n bá kàn kọ "UV protection" láìsí nọ́ńbà kankan, kò sọ nǹkan kan fún wa. Àmọ́ ta ni ò lè tẹ sítíkà? Inú apá góógù ni kẹ́ ẹ tún wò, ẹ lè rí CE, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe é ń sọ pé òun tẹ̀ lé òfin ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ tún lè rí nọ́ńbà kan láti 0 dé 4. Nọ́ńbà yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí bó ṣe dúdú tó ló ń sọ. 0 fẹ́rẹ̀ẹ́ má láwọ̀. 2 ń jẹ́ kí 18 sí 43 wọlé nínú ìmọ́lẹ̀ ọgọ́rùn-ún, 3 ń jẹ́ kí 8 sí 18 wọlé, 4 ò gbà ju 3 sí 8 lọ. Fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà, 2 tàbí 3 ló dáa, ẹ má fi 4 wa nǹkan kan láéláé, wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sí i nílẹ̀ Yúróòpù pé kò yẹ fún wíwakọ̀. Mo bẹ̀ yín ni o, tó bá ti di nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ẹ bọ́ góógù dúdú. Ẹ mọ bí kòtò ṣe pọ̀ tó lójú títì wa, ẹ mọ̀ pé ẹlòmíì á máa wakọ̀ bọ̀ láìtan iná. Awò tó mọ́ gaara, tó ń mú UV, lẹ lè wọ̀ nígbà yẹn, kí eruku àti kòkòrò má bàa kó sójú yín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ ẹran tó ń hù lójú yín, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ yan góógù. Pterygium ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa nínú díńgí, ẹ ó rí i pé ó rí bí ìyẹ́ labalábá, ìdí ẹ̀ fẹ̀ lórí funfun ojú, ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó lọ sápá dúdú, iṣan pupa wẹ́wẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ lè ti rí i lójú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn apẹja. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lápá imú náà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ẹ sì lè bi mí pé kí ló dé tí ì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti apá etí, ṣebí ibẹ̀ loòrùn ti ń rọ́nà wọlé? Dókítà ojú kan ní Ọsirélíà, Minas Coroneo, ló ṣàlàyé ẹ̀: awọ gaara tó bo dúdú ojú yìí yọ síta bí òrùlé kùbà mọ́ṣáláṣí, ó ń ṣiṣẹ́ bíi lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ etí wọlé, á ká a kò, á wá pa gbogbo agbára ẹ̀ pọ̀ sójú kan lápá imú. Ẹ ti rí bí ọmọdé ṣe ń fi dígí awò jó ewé gbígbẹ nínú oòrùn, ojú kan tó tàn yòò yẹn lewé ti ń jó. Ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa ni pé oòrùn ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣe yín lọ́ṣẹ́ jù, góógù pẹlẹbẹ tó kéré, tí àyè wà láàárín òun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò lè ràn yín lọ́wọ́ tó, ì báà jẹ́ UV400 tó dáa jù láyé. Ẹ wá èyí tó tẹ̀ kọdọrọ yí ojú ká, tí apá ẹ̀ fẹ̀, tó sún mọ́ ojú ṣùgbọ́n tí irun ìpéǹpéjú ò kàn án. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dúró síwájú díńgí, ẹ yíjú sí ẹ̀gbẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣì rí funfun ojú yín láti etí, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú òmíràn. Ẹ wọ hẹ́líméètì yín mọ́ ọn, kí gíláàsì iwájú ẹ̀ wà nísàlẹ̀, torí ẹ̀fúùfù àti eruku náà ń dá kún ọ̀rọ̀ ojú yẹn, títa tó ń ta yín bí iyanrìn, gbígbẹ wà níbẹ̀.

Ọ̀sán gangan kọ́ sì ni ìgbà tó le jù fún ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà náà ló ń jó awọ ara jù. Tí oòrùn bá wà lókè orí, egungun iwájú orí àti ìpéǹpéjú ń ṣíji bo ojú. Àwọn onímọ̀ kan ní Kanazawa, ní Jàpáànù, tí Hiroshi Sasaki ṣáájú wọn, fi ẹ̀rọ wọn UVB tó ń dé ojú gan-an, wọ́n rí i pé ó ń pọ̀ ní nǹkan bí aago 9 àárọ̀ àti aago 2 sí 3 ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá wo èèyàn lójú. Ẹ wo ìgbà tẹ́ ẹ máa ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé àti òṣìṣẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín kẹ́ ẹ tó fi góógù sójú. Kùrukùru tó fẹ́lẹ́ náà ò dá UV dúró tó bẹ́ẹ̀. Níbi tá a wà yìí, a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní UV index, tẹ́ ẹ lè rí níbi ojú ọjọ́ lórí fóònù yín, máa ń dé 11 tàbí kó kọjá ẹ̀ lọ́pọ̀ ọ̀sán, àjọ WHO sì ka 11 lọ sókè sí èyí tó le jù lọ.

Wọ́n máa sọ polarised fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi fowó lé e. Ó dáa o, ó ń pa kíkọ mànà tó ń wá láti ara ọ̀dà títì tó tutù àti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, àmọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú UV. Ẹ fi sukiríìnì fóònù dán an wò: ẹ gba inú lẹ́ńsì wo fóònù, ẹ rọra yí góógù bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, tó bá jẹ́ polarised, lọ́pọ̀ fóònù, sukiríìnì á ṣókùnkùn níbì kan. Ní ti kọ́lọ̀, eérú tàbí búráùn. Ẹ fi búlúù, pupa àti píǹkì sílẹ̀ fáwọn tó ń lọ òde, wọ́n lè yí àwọ̀ iná tíráfíìkì padà lójú yín.

Ẹran yẹn fúnra ẹ̀, góógù ò ní yọ́ ọ o. Ó lè máà jẹ́ kó tètè dàgbà ni. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ibi tó dé, torí tó bá ti ń lọ sójú ọmọlójú, iṣẹ́ abẹ ló kù, ó sì lè tún padà hù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ bá padà sínú oòrùn láìbojú. Ẹ dákun, ẹ má fi omi ọmú, omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ má sì lọ ra ẹ̀kán ojú tó ń jẹ́ kí pípọ́n lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ fún yín. Sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú òmíràn, téèyàn bá ń kán an lọ bẹ́ẹ̀, ó lè sọ dígí inú ojú di funfun tàbí kó gbé ìfúnpá inú ojú sókè títí ojú á fi fọ́ láìkìlọ̀. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá bá mi lẹ́yìn ọdún méjì tó ti ń kán an, ojú kan ti lọ. Mi ò gbàgbé bó ṣe mú ìgò kékeré yẹn jáde nínú àpò pé "Eléyìí ni mò ń lò, ma, ó ń ṣiṣẹ́ o."

Ẹ bá mi sọ fáwọn wẹ́dà tó wà níbi páàkì yín pé góógù oòrùn kì í ṣe ti wẹ́dìn. UV tó ń jáde níbi iná wẹ́dìn pọ̀ ju ohun tí góógù oòrùn lè kojú lọ, gíláàsì wẹ́dìn gidi, nọ́ńbà 10 sókè, ni wọ́n ń lò. Tẹ́ ẹ bá sì ní ọmọ nílé, pàápàá tó bá jẹ́ àfín, ọ̀rọ̀ yìí kàn án ju tiyín lọ, dígí inú ojú ọmọdé mọ́ ju ti àgbà, UV púpọ̀ ń gba ibẹ̀ dé ẹ̀yìn ojú. Góógù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń rà fún wọn nígbà ọdún, ohun ìṣeré ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ tiyín.

Èyí tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé góógù 2,500 yẹn lọ fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Tó bá yege, tó sì bo ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ, kí ẹ̀gbọ́n fọkàn balẹ̀. Tó bá yege ṣùgbọ́n tó pẹlẹbẹ, ẹ fi hẹ́líméètì tì í lẹ́yìn títí ẹ ó fi rí òmíràn. Tí kò bá yege, ẹ má fún ọmọ tàbí àbúrò kankan, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Ẹ wá polycarbonate tó tẹ̀ yíká, UV400, nọ́ńbà 3, ẹ ò nílò 48,000 kẹ́ ẹ tó rí i, wọ́n máa ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ààbò fáwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Tí wọ́n bá ti yẹ ojú ọ̀tún yẹn wò, ẹ kọ iye mílímítà tí wọ́n ní ẹran náà fi wọ dúdú ojú ránṣẹ́ sí mi, èmi náà fẹ́ mọ̀.